Kẹ̀kẹ́ La Fi Mọ Ilẹ̀ Odò Ògùn

Kí ọ̀kadà tó gba ojú pópó, kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ilẹ̀ Odò Ògùn. Kẹ̀kẹ́ ni olùkọ́ ń gùn lọ sílé ìwé, kẹ̀kẹ́ ni àgbẹ̀ fi ń kó iṣu wálé, òun náà ni agbẹ̀bí ìjọba fi ń ti abúlé kan bọ́ sí èkejì. Àwọn ọdún 1970 ni mo ń sọ, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ọ̀yọ́, tí ilé wa sì wà ní Abẹ́òkúta. Àwa tí a gun kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ náà kọjá nígbà yẹn mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ ti ń dín kù, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ọ̀nà méjì la lè gbà láti Ọ̀yọ́ dé Abẹ́òkúta. Èyí tí gbogbo ayé ń gbà, Ìbàdàn ló gbà kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù sì kún un débi pé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò ní ibi tí yóò sá sí. Nítorí náà, bí ìsinmi bá ti dé, a ó kó àpótí wa sínú bọ́lẹ̀kájà pé kó máa gbé e lọ, àwa fúnra wa á sì yà sí ìwọ̀-oòrùn. Láti Ọ̀yọ́ a ó gba Fáṣọlá dé abúlé Odò Ògùn, ibẹ̀ sí Ìsẹ́yìn. Láti Ìsẹ́yìn a ó kọrí sí gúúsù, gba Adó-Àwáyè àti Máyà, bọ́ sí Láńlátẹ̀, Ẹ̀rúwà àti Igbó-Ọrà, kí a tó já sí Abẹ́òkúta. Lẹ́ẹ̀mejì là ń kọjá lórí Odò Ògùn: lẹ́ẹ̀kan kí a tó dé Ìsẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kejì ní afárá Láfẹ́nwá. Gbogbo ohun tó wà láàárín afárá méjèèjì yẹn, oko ni.

Owó Udoji ló ra kẹ̀kẹ́ mi. Lọ́dún 1975, nígbà tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí Ìgbìmọ̀ Udoji dámọ̀ràn, tó sì san ti ẹ̀yìn mọ́ ọn, ẹni tí kò ra rédíò ra kẹ̀kẹ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn díẹ̀ sì ra alùpùpù. Rélùwéè ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́. Ó ra Raleigh dúdú kan, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má ṣe fi eré pa ara mi.

Ẹni tí kò gun Raleigh àtijọ́ rí kò lè mọ bó ṣe wúwo tó. Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ya orí ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn kan sí iwájú rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fa bíréèkì, kì í ṣe wáyà bí ti òde òní. Awọ líle ni ìjókòó rẹ̀, ó ń pẹ́ kó tó gba ìdí ẹni, ṣùgbọ́n tó bá ti gbà á tán, kò sí tìmùtìmù tó tó o. Kò ní jíà tí a lè yí padà. Bí òkè bá ga jù, a ó bọ́ sílẹ̀, a ó ti kẹ̀kẹ́ gòkè, kò sì sí ẹni tí yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kárìà ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé àpò iṣu kan láìmira. Mo rí ìyàwó ilé tó jókòó sórí kárìà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti igbá lórí, tí ọkọ rẹ̀ ń wa kẹ̀kẹ́ lọ, tí wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ.

Ìdájí la máa ń gbéra, kí oòrùn tó mú. Bí a bá ti fi ìlú Ọ̀yọ́ sílẹ̀, ọ̀dàn ló kù: koríko tó ga ju èèyàn lọ, igi emi àti igi igbá tí àgbẹ̀ dá sí láàárín ebè nítorí òrí àti irú. Ní Fáṣọlá, oko ẹran ìjọba wà níbẹ̀ láti ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, a ó sì rí màlúù kéékèèké tí wọ́n ń pè ní N'Dama, irú èyí tí àìsàn eṣinṣin ìrù kì í tètè pa. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yóò rí màlúù, á sì kọjá. Àwa máa ń dúró. Darandaran ìjọba á sọ fún wa ìdí tí àwọn màlúù ńlá láti òkè Ọya kì í fi í pẹ́ nílẹ̀ wa, pé eṣinṣin inú igbó ẹ̀bá odò ló ń gbé àìsàn náà kiri. Mi ò kọ́ ìyẹn nínú ìwé kankan. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti kọ́ ọ.

Ẹ̀gún ọ̀dàn kì í mọ táyà tuntun yàtọ̀ sí ògbólógbòó. Lọ́pọ̀ ìgbà, abúlé Odò Ògùn ni à ń jókòó sí láti lẹ túùbù. A ó dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, kó fi ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ dúró. A ó fi ìdí ṣíbí méjì tú táyà kúrò létí irin, fa túùbù jáde, fọn atẹ́gùn sí i, kí a sì tẹ̀ ẹ́ bọ omi odò díẹ̀díẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń hó kúlúkúlú ni ihò wà. A ó fi òkúta wẹ́wẹ́ ha ibẹ̀ títí yóò fi rí fúnfun, a ó kùn ún ní sólúṣọ̀n, dúró kó gbẹ díẹ̀, lẹ ìrépé túùbù àlòkù tí a gé róbótó mọ́ ọn, kí a sì fi ìdí ìgò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò sí ìkánjú nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá kánjú fọn atẹ́gùn sí i, ojú ibẹ̀ náà ni yóò tún ti ṣí.

Nígbà tí a bá ń dúró kí sólúṣọ̀n gbẹ, àwọn apẹja àti àwọn olóko àkùrọ̀ á máa bá wa sọ̀rọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó mọ odò náà dáadáa. Ó ní bí òjò ńlá bá rọ̀ lápá Ṣakí lónìí, kò ní pẹ́ tí omi tó wà níwájú òun yóò fi yí àwọ̀ padà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wò bójú sánmà bá dúdú lórí rẹ̀ kó tó gbé àwọ̀n kúrò. Ó fi ojú ilà tí omi dé lọ́dún tó kọjá hàn wá lára igi. Lẹ́yìn tí omi bá fà, ilẹ̀ dúdú tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n á máa jẹ àgbàdo tútù nígbà tí àwọn ará òkè ń ra gbígbẹ. Gbogbo ẹ̀kọ́ nípa àgbàrá àti ilẹ̀ ọlọ́ràá tí mo wá fi kọ́ ọmọ ilé ìwé nígbẹ̀yìn, ọwọ́ bàbá yẹn ni mo ti gbà á.

Ohun tó mú ọ̀nà náà gùn, tó sì mú un dùn, ni kíkí. Kẹ̀kẹ́ kì í sáré ju ohùn lọ. Bí o bá rí àgbẹ̀ lórí ebè, o lè kí i pé, "Àroko bọ́dún dé o," kó dá ọ lóhùn pé, "Àṣẹ," kí ẹ sì tún bi ara yín léèrè ilé kí o tó kọjá. Bí o bá pàdé ọdẹ, "Àrẹpa o." Bí o bá gbójú sókè tí o rí adẹ́mu lórí ọ̀pẹ, "Igbà á rọ̀ o." Bó bá sì jẹ́ àgbàlagbà, a kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Wàá bọ́ sílẹ̀, wàá fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, wàá dọ̀bálẹ̀ bí àyè bá wà, kí o tẹ̀ ba bí kò bá sí. Ibi tí wọ́n bá ti bi ọ́ pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Ibo lò ń lọ?" ni omi tútù á ti jáde, iṣu sísun á tẹ̀ lé e pẹ̀lú epo pupa nínú àwo. Báyìí la ṣe ń mọ orúkọ agboolé àti ohun tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń mú jáde, tí a sì ń gbọ́ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ.

Ìsẹ́yìn la máa ń sùn, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ahunṣọ. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ wọ àdúgbò àwọn ahunṣọ gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀, nítorí òwú ló nà sílẹ̀ gbọọrọ níwájú òfì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ sórí pákó lópin rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ahunṣọ bá ṣe ń hun, bẹ́ẹ̀ ni òkúta ń wọ́ tuurutu bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bàbá mi kékeré máa ń fi òkúta yẹn ka iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀: ibi tó wà láàárọ̀, ibi tó dé nírọ̀lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin Fúlàní á ti gbé wàrà dé, a ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú àkàrà, a ó sì tún gbéra.

Àgbègbè Ìsẹ́yìn nígbà yẹn, tábà ló ń sọ àgbẹ̀ di olówó. Láti àwọn ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ tábà ti ń bá àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe é. Tí o bá gun kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìlú, wàá rí àwọn abà gíga tí kò ní fèrèsé, tí èéfín ń rú lẹ́yìn wọn. Wọ́n fún wa láyè wọ ọ̀kan rí. Wọ́n so ewé mọ́ igi ní méjì méjì, wọ́n sì to igi náà ní àjà lórí àjà títí dé òrùlé. Ìta ni iná wà, páìpù irin ńlá ló ń gbé ooru rẹ̀ gba ilẹ̀ inú abà kọjá kí èéfín má baà kan ewé. Ẹni tó ń ṣọ́ iná kì í sùn. Bí ooru bá lọ sílẹ̀ lóru kan péré, ewé tó yẹ kó pọ́n bí wúrà á di dúdú, owó ọdún á sì di omi. Igi tí iná yẹn ń jẹ kò kéré. Lọ́dọọdún tí a bá ń kọjá, àwa tí a ń wá ibòji láti sinmi máa ń rí i pé ibòji ti ń jìnnà sí ọ̀nà.

Láti Ìsẹ́yìn sí Adó-Àwáyè, òkè ló ń mú ojú wa lọ. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro wá, a ó wo òkè Adó lókèèrè, a ó sì mọ iye tó kù. A máa ń fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí a mọ̀, kí a fi ẹsẹ̀ gun òkè lọ wo omi Ìyáké, adágún tó wà lórí àpáta níbẹ̀, àti Ìṣàgẹ, àpáta ńlá tó dúró lórí ìba ilẹ̀ kékeré tí kò sì ṣubú. Láti orí òkè yẹn lèèyàn ti lè rí bí ilẹ̀ náà ṣe tẹ́ lọ: oko, ìgbẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, oko tún, àti ọ̀nà pupa tí a óò gbà.

Ìbàràpá ló tẹ̀ lé e, ẹ̀gúsí sì lọba níbẹ̀. Lásìkò ìkórè, imú á kọ́kọ́ mọ̀ kí ojú tó rí i. Àwọn obìnrin á ti la bàrà sílẹ̀ nínú oko, wọ́n á kó o jọ ní òkìtì kó rà, kí inú rẹ̀ lè jọ̀wọ́ ẹ̀gúsí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fọ̀ ọ́ lódò, wọ́n á sì sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí ọ̀dà tètè ń gbóná. A ó rọra máa yà fún ẹ̀gúsí ní máìlì kan sí òmíràn, nítorí ẹni tó bá gun ẹ̀gúsí olóko mọ́lẹ̀ ti fi táyà jẹ ọbẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn. Ní Igbó-Ọrà, yàtọ̀ sí àwọn ìbejì tí kò sí agboolé tí wọn kì í sí, a máa ń pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn. Láti 1963 ni yunifásítì náà ti ń rán wọn wá síbẹ̀ láti mọ bí ará oko ṣe ń gbé àti ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1976, olùkọ́ kò tó, ọmọ sì pọ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí abúlé kan ní Ìbàràpá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gbé lọ bẹ́ẹ̀ sunkún. Èmi mọ ọ̀nà ibẹ̀, mo sì mọ àwọn tó ń gbé lẹ́bàá rẹ̀. Mo mọ̀ pé lọ́sẹ̀ ìkórè ẹ̀gúsí, ọmọ kò ní wá sílé ìwé, bí a bá sì fi ẹgba lé e, bàbá rẹ̀ á yọ ọ́ kúrò pátápátá. Mo mọ odò tó ń kún lóṣù Kẹsàn-án tí ọmọ kékeré kò lè là á kọjá. Ìwé orúkọ mi kì í ní ìlà pupa púpọ̀ bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ bá àwọn òbí lóko kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́.

Òpin ìrìn náà ni Abẹ́òkúta. Ní Láfẹ́nwá, odò tí a ti kọjá lórí rẹ̀ kí a tó dé Ìsẹ́yìn ti fẹ̀, ó ti kó omi àwọn odò mìíràn mọ́ra. Omi kan náà ló ń lọ bá ọ̀sà Èkó, tí wọ́n ń fà fún àwọn ará Èkó mu lójú ọ̀nà. Odò Yemọja nìyẹn. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ gbé orúkọ rẹ̀ dé Bùràsíìlì àti Kúbà, débi pé lọ́jọ́ 2 oṣù Kejì ọdọọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbé òdòdó lọ fún un létí òkun ní Salvador, ní Bùràsíìlì. Mo máa ń rántí èyí pẹ̀lú ìbànújẹ́ díẹ̀, pé àwọn tó wà lókè òkun ń bọ̀wọ̀ fún odò tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Èkó kò mọ ibi tó gbà wá.

Kí ló pa ìgbà náà? Ohun púpọ̀ ni. Alùpùpù dé pẹ̀lú owó epo rọ̀bì, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ sì wá di ẹni tí wọ́n ń fi ojú tálákà wò. Lẹ́yìn tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP fún wa lọ́rùn lọ́dún 1986, táwọn ọ̀dọ́ kò ríṣẹ́, ọ̀kadà di iṣẹ́ òòjọ́. Odò fúnra rẹ̀ yí padà. Ìjọba dá àjọ tó ń bójú tó agbègbè Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1976. Wọ́n parí ìdídò Ọyán lọ́dún 1983, àwọn abúlé kan sì ní láti ṣí fún omi rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Ìkéré nítòsí Ìsẹ́yìn, tó yẹ kó fún wa ní iná mànàmáná àti omi ìrinko, àmọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ kò tíì parí títí di òní. Ọ̀nà bàjẹ́, ihò sì pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, àwọn ajínigbé dé, ẹ̀rù sì lé àgbẹ̀ pàápàá kúrò lóko rẹ̀.

Ọ̀nà ti ń dára padà. Lábẹ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé, wọ́n tún ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65, àti ti Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, tó tó kìlómítà 35. Mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà dídán láìsí àyè fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì, eré àsápajúdé ló ń bí. Àyè tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn, kí ọmọ ilé ìwé, àgbẹ̀ àti ẹni tó fẹ́ mọ ilẹ̀ rẹ̀ lè gun kẹ̀kẹ́ láìbẹ̀rù. Kí wọ́n sì fi ààbò sí ọ̀nà oko, torí kẹ̀kẹ́ kò lè gba ibi tí àgbẹ̀ kò lè gbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi kẹ̀kẹ́ ṣeré ìdárayá ní Ìbàdàn, Èkó àti Abẹ́òkúta, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ má fi mọ sí orí afárá àti ìgboro. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ gbéra ní ìdájí láti Ọ̀yọ́, kí ẹ sì dé Ìsẹ́yìn kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé pọ́ńpù àti sólúṣọ̀n dání. Bí ẹ bá sì rí àgbà lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ kí i.